Ìbọn Ẹ̀yẹ Tí Ó Di Ìbọn Ikú

Ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ìlú wa, ti Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìró ṣakabùlà níbi ìsìnkú ọdẹ kò ní pẹ́ mọ ìdí tí a fi ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1861 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀ràn níní ẹrú sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Odi kan tí a ń pè ní Fort Sumter, tí ó wà nínú omi ní ẹnu èbúté Charleston, ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun Robert Anderson ni ó ń ṣọ́ ọ fún ìjọba àpapọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, àwọn ará Gúúsù dojú àgbá kọ odi náà, wọn kò sì dáwọ́ dúró fún nǹkan bí wákàtí 34. Ilé jóná nínú odi, ògiri fọ́, síbẹ̀ ọta kò pa ọmọ ogun kan ṣoṣo níhà méjèèjì. Nígbà tí Anderson túúbá, wọ́n gbà fún un pé kí ó yin àgbá 100 láti fi bọlá fún àsíá rẹ̀ kí ó tó jáde. Ní ọjọ́ 14, níbi ìyìn ẹ̀yẹ yìí gan-an, ẹ̀tù gbiná láìtó àkókò. Daniel Hough kú lójú ẹsẹ̀. Edward Galloway fara gbọgbẹ́, òun náà sì kú lẹ́yìn náà. Àgbá 50 ni wọ́n fi parí ẹ̀yẹ náà. Ọmọ ogun àkọ́kọ́ tí ó kú nínú ogun tí ó gbẹ̀mí ènìyàn tí ó ju 600,000 lọ, àgbá ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó pa á, kì í ṣe ọ̀tá.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà a máa wọ aṣọ ogun àtijọ́, wọn a sì máa fi ogun náà ṣeré kí àwọn ọmọ wọn lè rí bí ó ti rí. Ní oṣù keje ọdún 1961, nígbà tí ogun náà pé 100 ọdún, wọ́n ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní pápá Manassas. Òfin àwọn alábòójútó pápá ìrántí ìjọba wá di pé ẹgbẹ́ méjì kò gbọdọ̀ dojú ìbọn kọ ara wọn lórí ilẹ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré. Nítorí náà, orí ilẹ̀ aládàáni ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ewu wo ni ó wà nínú ìbọn tí kò ní ọta? Ewu ńlá ni. Iná tí ó ń yọ lẹ́nu àgbá lè jó ènìyàn, bí a bá sì gbàgbé ọ̀pá ìkibọn sínú rẹ̀, ọ̀pá náà ti di ọta. Ní London ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1613, àgbá tí àwọn òṣèré yìn nínú ilé eré Globe ràn mọ́ òrùlé koríko, ilé náà sì jóná tán kí wákàtí kan tó pé. A gbọ́ pé ṣòkòtò ọkùnrin kan gbiná, ọtí ni wọ́n fi pa á. Orí ló yọ ọ́!

Nídìí àgbá eré, olúkúlùkù ni ó ní nọ́ńbà àti iṣẹ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ti ṣe é. Bí wọ́n bá ti yìn ín, ẹnì kan yóò ki irin oníkọ́ wọnú rẹ̀ láti fa ìdọ̀tí jáde, lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá tí a fi irun àgùntàn wé lórí, tí a rì bọ omi, yóò wọlé láti pa ẹyín iná tí ó bá kù. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹlòmíràn yóò fi àtàǹpàkò tí ó fi awọ bò dí ihò kékeré tí ó wà lẹ́yìn àgbá. Kí ni ìdí rẹ̀? Bí afẹ́fẹ́ bá rí ọ̀nà gba ibẹ̀, yóò fẹ́ iná náà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ẹ̀tù tuntun yóò sì gbiná lójú ẹni tí ó ń ki í. Ẹni tí ń ki í pàápàá kò gbọdọ̀ dúró lọ́gangan ẹnu àgbá, kò sì gbọdọ̀ fi àtàǹpàkò ká ọ̀pá, kí ọ̀pá lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí aburú bá dé, kí ó má baà gbé ọwọ́ náà lọ. Àpótí ẹ̀tù a máa wà lẹ́yìn pátápátá, ní pípadé. Bí àgbá bá kọ̀ tí kò dún, ẹnikẹ́ni kò ní sún mọ́ ọn títí àkókò tí a yàn yóò fi kọjá.

Ohun tí ó wù wá jù ni àyẹ̀wò tí ó ń ṣáájú eré. Olùyẹ̀wò yóò fi iná wo inú àgbá bóyá ó ti sán tàbí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, yóò wo igi àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sì wo ọ̀pá àti awọ àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kan àwọn ènìyàn. Kì í ṣe olórí wọn nìkan ni yóò bi léèrè. Yóò bi ẹni tí ó kéré jù pé, kí ni iṣẹ́ rẹ, kí ni ìwọ yóò sì ṣe bí ìbọn bá kọ̀? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àgbá náà kò ní dún lọ́jọ́ náà, ìbáà ti ọ̀nà jíjìn wá.

Àwa tí ó jẹ́ pé ìró ìbọn ni a fi sọ ogun tí àwọn baba wa jà láti 1877 sí 1893 ní Kírìjì, kò yẹ kí irú ètò yìí ṣòro fún wa. Ṣakabùlà tí a ń yìn lónìí, àjogúnbá ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìpẹtà ti wọ inú òmíràn, okùn sì ni a fi so ìdí òmíràn. Àwọn ọmọdé a máa rọ̀gbà yí ayìnbọn ká, kèrègbè ẹ̀tù a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń fa tábà. A ń bẹ ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú pé kí wọ́n fi ọ̀ràn yìí lọ àwọn àgbà ọdẹ kí ọjọ́ àjọ̀dún tó ń bọ̀ tó kò: kí a kó gbogbo ìbọn jọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí olórí ọdẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó ti mu ẹmu má ṣe ki ìbọn, kí a sì fi okùn pààlà síbi tí àwọn òǹwòran yóò dúró. A ó san owó okùn náà láti inú àpò tiwa.