Bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ onígbòkun kékeré wọ omi fún ìgbà àkọ́kọ́

Ìlú orí òkè ni Kétu. Láàárín odò Ouémé àti odò Yewa ni ilẹ̀ wa wà, àmọ́ odò ńlá kankan ò gba inú ìlú kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ ọ̀nà oko, tí a mọ ọ̀nà ọjà, tí a ò sì mọ ọ̀nà orí omi. Àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Ganvié àti ní Aguégués, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, inú ọkọ̀ lọmọ wọn ń bá lọ sílé ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ́mọ́ọ̀kì gbé ọkọ̀ kékeré láti Kétu lọ sí etí ọ̀sà, ó yẹ kó mọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ kó tó débẹ̀. Omi ò lọ́tàá, lóòótọ́ ni, àmọ́ kì í dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé.

Kí ni ọkọ̀ onígbòkun?

Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì ni. Òpó kan dúró lóòró nínú rẹ̀. Aṣọ tí a ta sára òpó náà ni ìgbòkun. Ìtọ́kọ̀ wà ní ìdí rẹ̀, òun la fi ń darí ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó sábà máa ń ní pákó pẹlẹbẹ kan láàárín, tí a ń tì wọ inú omi kí afẹ́fẹ́ má baà gbá ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Lórí ọ̀sà Nokoué, àpò tàbí báàṣì làwọn apẹja ń rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Omi tí a ń lọ bá

Ọ̀sà Nokoué fẹ̀ tó bíi 150 km², ṣùgbọ́n kò jìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò ju mítà 1 sí 2 lọ. Ẹ má torí ìyẹn fojú di í: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ èèyàn. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò Ouémé máa ń kún, omi rẹ̀ á sì ya wọ inú ọ̀sà. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ ní Kútọnu ní 1885 ni omi náà ń gbà lọ sínú òkun, ó sì máa ń fà gan-an níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà yẹn rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún acadja pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí apẹja rì sínú omi kí ẹja lè wá sá sí. Olówó ni wọ́n. Bí ọkọ̀ yín bá wọ ibẹ̀, ẹ ba ohun tí ẹnì kan fi ń jẹun jẹ́, igi sì lè da ọkọ̀ yín dé.

Nílé, kí ẹ tó gbéra

- Ẹ na òpó dúró ní àgbàlá, ẹ ta ìgbòkun, kí ẹ sì tún kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ò bá mọ̀ nílé, kò ní mọ̀ ọ́n létí omi.
- Ẹ wá ihò tí omi fi ń jáde ní ìdí ọkọ̀, kí ẹ sì rí i pé ohun tí a fi ń dí i wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ihò yìí ni wọ́n gbàgbé.
- Ẹ kó àjẹ̀, ìdákọ̀ró, okùn gígùn méjì àti igbá ìgbọ́nmi dání. Gilet de sauvetage gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ẹni tó máa wọ ọkọ̀, títí kan ẹni tó mọ odò wẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Láti Kétu, ẹ ó gba Pobè àti Sakété dé Àjàṣẹ́. Ẹ tẹ́ òpó sílẹ̀ lórí ọkọ̀, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìparí rẹ̀ tó bá yọ síta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró kí ẹ tún okùn fà, torí ó máa ń dẹ̀ lójú ọ̀nà.

Létí omi

Bí ẹ bá dé, ẹ kí àwọn onílé kí ẹ sì béèrè ibi tí ilẹ̀ ti le. Ẹ jẹ́ kí táyà rẹ́mọ́ọ̀kì tutù kó tó wọ omi. Bí irin inú rẹ̀ bá ń gbóná, á fa omi mu, á sì dípẹtà.

Kí ẹ tó na òpó, ẹ wòkè. Bí òpó irin bá kan wáyà iná, ó lè pa gbogbo ẹni tó dì í mú. Igi tàbí ọparun tó tutù náà ò ṣeé fọkàn tán. Ibi tí wáyà bá ti gba òkè kọjá, ẹ kúrò níbẹ̀.

So okùn mọ́ orí ọkọ̀, kí ẹnì kan dì í mú kó tó di pé ẹ tú àwọn okùn yòókù. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́yìn rẹ́mọ́ọ̀kì. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, ẹ má ti mọ́tò wọ ibẹ̀. Ẹ to igi róbótó sílẹ̀ kí ẹ yí ọkọ̀ lé e lórí, bí àwọn apẹja etí òkun ti ń ṣe. Tó bá ti léfòó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ wo inú rẹ̀ bóyá omi ń wọlé.

Ìgbà tí ẹ bá ta ìgbòkun

Òwúrọ̀ ló dáa, torí lọ́sàn-án afẹ́fẹ́ òkun máa ń le sí i. Ẹ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kúrò létí bèbè, kí ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ẹ wá ta ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ilẹ̀ á gbé yín lọ wẹ́rẹ́, àmọ́ ìpadàbọ̀ á le. Nítorí náà, ẹ má jìnnà.

Bí ọkọ̀ bá ń tẹ̀ jù, ẹ tú okùn ìgbòkun sílẹ̀. Aṣọ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ọkọ̀ á sì rọlẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mọ èyí kí ẹ tó kúrò nílẹ̀. Bó bá sì dà dé, ẹ di ọkọ̀ mú, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lọ sí bèbè. Ọkọ̀ tó léfòó làwọn èèyàn máa ń tètè rí lókèèrè, orí èèyàn kò hàn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnì kan dúró létí omi, kó mọ ibi tí ẹ lọ àti aago tí ẹ máa dé, kó sì ní nọ́ńbà apẹja kan tó lè wá yín lọ́wọ́.