Enugu, Ìlú Èédú, àti Àwọn tí Ìkànìyàn Kò Kà

Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, ta ni ó tẹ̀ ẹ́ dó? Ní ilẹ̀ Òkun, a ó tún bèèrè òkè tí àwọn baba ńlá sá gùn nígbà tí àwọn Núpé ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láàárín àwọn Yàgbà, tí Ifẹ̀-Olúkòtún jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú wọn, ibi ìsádi ni òkè jẹ́. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì odò Ọya, ìlú kan wà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú òkè ni ó bí i. Enugu ni ìlú náà. Èédú sì ni ohun náà.

Ní èdè Igbo, *Enu Ugwu* túmọ̀ sí orí òkè. Orúkọ abúlé àwọn Ngwo kan ni, tí ó wà lókè lóòótọ́. Àwọn òyìnbó mú orúkọ yìí, wọ́n fi pe ìlú tí wọ́n ń kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti Onitsha wá ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé Orí-Òkè!

Ní 1909 ni Albert Kitson, tí ń wá ohun àlùmọ́nì fún ìjọba, rí èédú ní agbègbè Udi. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Ní 1916, ojú irin ti so ibẹ̀ mọ́ Port Harcourt, èbúté tí a tẹ̀dó ní 1913 nítorí èédú yìí kan náà. Èédú Enugu ni ó wa ọkọ̀ ojú irin tí ń gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá lọ sí Kano, òun ni ó sì mú ẹ̀rọ iná mànàmáná Ìjọra, tí a ṣí ní Èkó ní 1923, ṣiṣẹ́.

Ní 1921, àwọn ará ìlú náà lé díẹ̀ ní 3,000. Ní 1931, wọ́n tó bíi 13,000. Ní 1953, bíi 63,000. Ní 1963, wọ́n ju 138,000 lọ. Àwọn olùkọ́ a máa fi irú iye báyìí hàn bí ẹ̀rí ìlọsíwájú. Ní tèmi, mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí a kà. Akọ̀wé, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ reluwé àti àwọn àlejò láti Onitsha àti Owerri pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi díígà gé èédú nínú òkùnkùn, àti àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀ jáde, jẹ́ ọmọ Agbaja àti Ngwo, tí ilé àti oko wọn wà ní abúlé. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a padà sílé. Wọn kò sì sí nínú iye ará ìlú tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ lọ́wọ́ nítorí owó tí wọ́n ní a jẹ wọ́n. Ìjọba lé ọ̀pọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé ohun abúgbàù tí a fi ń fọ́ òkúta lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18, àwọn ọlọ́pàá lọ kó o ní kòtò Iva Valley. Ọ̀gá wọn, Philip, pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́.

Ọ̀ràn náà kan gbogbo Nàìjíríà. Dókítà Akínọlá Májà ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí àwọn olóṣèlú gbé kalẹ̀ ní Èkó; Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sì wà nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n ṣe ìwádìí lábẹ́ Sir William Fitzgerald. Ìwádìí náà ní Philip ṣi ọ̀ràn náà gbé ni. Ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ jù lójú mi, fún ẹ̀mí 21.

Lẹ́yìn náà, epo rọ̀bì dé, ọkọ̀ ojú irin sì fi èédú sílẹ̀ lọ máa lo dísù. Ogun Abẹ́lé tún dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu. Èédú wà ní Okaba pẹ̀lú, lẹ́bàá Ankpa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi kan náà pẹ̀lú Ifẹ̀-Olúkòtún láti 1991. Ẹni tí yóò kọ ìtàn Okaba kò gbọdọ̀ dúró ní ọ́fíìsì ìkànìyàn; kí ó wọ inú àwọn abúlé, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.