Yíyẹgi fún ọ̀daràn: Kí ni eegun ọrùn sọ nípa ikú wàrà tí òfin ṣèlérí?

Lọ́jọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2013, wọ́n yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Benin, ní ìpínlẹ̀ Edo. Láti ọdún 2006, aráyé kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso Nàìjíríà ni òfin yìí ti wá. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọrùn ẹni náà yóò ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní jẹ̀rora. Àmọ́ àwọn tó yẹ eegun wò rí nǹkan mìíràn.

Ìṣirò okùn

Láyé àtijọ́, okùn kúkúrú ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló sì ń jà fún èémí fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó kú. Lọ́dún 1866, Samuel Haughton, onímọ̀ kan nílùú Dublin, ṣe ìṣirò bó ṣe yẹ kí èèyàn já bọ́ jìnnà tó kí ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́. William Marwood bẹ̀rẹ̀ sí í lo okùn gígùn lọ́dún 1872.

Síbẹ̀, àṣìṣe pọ̀. Lọ́dún 1885, orí Robert Goodale já kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní Norwich. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Aberdare kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe tébùlù tó ń sọ bí okùn yóò ṣe gùn tó, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe wúwo sí.

Eegun láti Rangoon

Lọ́dún 1913, Frederic Wood Jones kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn The Lancet. Ó yẹ eegun ọrùn èèyàn márùn-ún wò, èyí tí Ọ̀gágun Fraser kó wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Rangoon ní Burma. Ibi kan náà ló ti ṣẹ́ lára gbogbo wọn: eegun ọrùn kejì. Ó ní kí wọ́n máa fi kókó okùn sábẹ́ àgbọ̀n.

Eegun èèyàn 34

Lọ́dún 1992, Ryk James àti Rachel Nasmyth-Jones yẹ eegun ọrùn èèyàn 34 wò, tí wọ́n yẹgi fún láàrin ọdún 1882 sí 1945. Eegun ọrùn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣẹ́ rárá.

Èyí kò fi hàn pé gbogbo wọn pẹ́ nínú ìrora. Iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn lè já láìsí pé eegun ṣẹ́, okùn sì lè dí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ. Àmọ́ ó hàn gbangba pé tébùlù kò lè ṣèlérí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe kú.

Sierra Leone fagi lé ìdájọ́ ikú lọ́dún 2021. Ní Nàìjíríà, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015 fi abẹ́rẹ́ olóró kún un, kò sì mú okùn kúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ṣì ń dúró de ikú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n.