Ẹja Pọ́nńbélé àti Ẹja Àdàlù: Ìtàn Ipa Xiphophorus nínú Ìwádìí Jẹjẹrẹ

Ìfáárà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ni pé inú ẹ̀rọ olówó ńlá nìkan ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá. Bébà yìí fẹ́ fi hàn pé ẹja kéékèèké, àpótí gíláàsì àti àkọsílẹ̀ tí kò dàrú ni wọ́n fi la ọ̀nà pàtàkì kan nínú ìwádìí jẹjẹrẹ. Èrò wa ni pé láìsí ìran pọ́nńbélé, ẹja àdàlù kò lè kọ́ni ní ohun tó dájú.

Irú ẹja tí à ń sọ
Omi Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé Xiphophorus. Méjì nínú wọn ló kàn wá níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni X. maculatus, tí wọ́n ń pè ní platy, èyí tí òmíràn nínú wọn máa ń ní àmì dúdú tótòtó lára. Ìkejì ni X. hellerii, onírù-idà, tí ìrù akọ rẹ̀ gùn bí idà. Wọn kì í yé ẹyin sínú omi bí ọ̀pọ̀ ẹja. Ọmọ ààyè ni wọ́n ń bí. Abo lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara fún oṣù púpọ̀, kí ó máa fi bímọ léraléra. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ìran pọ́nńbélé gbọ́dọ̀ ya abo sọ́tọ̀ kí ó tó bàlágà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ baba ọmọ.

Bí ìwádìí náà ṣe bẹ̀rẹ̀
Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Myron Gordon ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Georg Häussler àti Curt Kosswig ní Jámánì, ṣàkíyèsí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé àmì dúdú tó jẹ́ ẹwà lára platy máa ń di jẹjẹrẹ lára àwọn ọmọ kan tí platy àti onírù-idà jọ bí. Kosswig fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí Istanbul ní 1937, nígbà tí ìjọba Nazi ń polongo ẹ̀jẹ̀ pọ́nńbélé láàárín ènìyàn.

Gordon ní tirẹ̀ lọ kó ẹja nínú odò Mẹ́síkò. Láti inú ẹja tí wọ́n kó ní odò Jamapa ní 1939 ni ìran Jp 163 A ti wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n ń mú gùn ara wọn láti ìran dé ìran, títí ó fi lé ní ìran 100. Gordon kú ní 1959, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní 1993, wọ́n kó àwọn ẹja náà lọ sí yunifásítì kan ní San Marcos, ìpínlẹ̀ Texas.

Àlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀
Ní 1989 ni wọ́n dá jíìnì tó ń fa jẹjẹrẹ náà mọ̀. Xmrk ni orúkọ rẹ̀. Platy ní jíìnì yìí, ó sì tún ní olùkóníjàánu tó ń dì í mú. Onírù-idà kò ní olùkóníjàánu náà. Bí a bá mú ọmọ àdàlù àkọ́kọ́ padà fún onírù-idà, tí wọ́n sì bí ọmọ 40, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí 20 kò ní ní àmì rárá, nǹkan bí 10 yóò ní kókó tí kò léwu, nǹkan bí 10 tó kù yóò sì ní jẹjẹrẹ tó ń pani. Ẹni tí kò mọ òbí ẹja rẹ̀ dájú kò lè ṣe irú ìṣirò yìí. Ní 2013, wọ́n tẹ gbogbo àbùdá Jp 163 A jáde fún aráyé.

Ìgúnlẹ̀
Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi ìtàn yìí sọ pé àdàlù burú. Ara platy pọ́nńbélé ni jíìnì jẹjẹrẹ náà ti wá; àdàlù ló tú àṣírí rẹ̀. Pọ́nńbélé kì í ṣe oyè ọlá, ọ̀nà láti mọ ibi tí nǹkan ti wá ni. Ẹ̀kọ́ tó kù ni ti àkọsílẹ̀: bí ẹnì kan bá fi sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè gbà á láì ṣi ojú kan.