Èédú Díẹ̀, Iṣẹ́ Púpọ̀

Èéfín púpọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ púpọ̀. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 gba Àgbàdo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ eléèédú fi ń rú èéfín lórí rẹ̀. Èéfín ni ará ìlú ń rí. Èédú ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń ṣírò.

Ìṣirò náà ti pẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1829, ní Rainhill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rocket ti George àti Robert Stephenson gba ẹ̀bùn £500, nítorí òun nìkan ló parí ìdánwò náà.

Láti 1969 ni àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ti ń ṣe ìdíje IMLEC ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe eré sísá. Wọ́n á wọn èédú fún awakọ̀, ọkọ̀ á sì fa èrò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á ka agbára tí ó fi ń fà àti ọ̀nà tí ó rìn. Wọ́n á wá fi iṣẹ́ náà wé agbára inú èédú tó jó. Ìdá díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di iṣẹ́, àní lọ́wọ́ ẹni tó borí. Ìyókù bá èéfín lọ.

Ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí dísẹ́lì gba ipò èédú. Lónìí, Àgbàdo ni ìpẹ̀kun Red Line tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì 2024. Ìbéèrè kò yí padà: kí ni wọ́n fi sí i, kí ni ará ìlú rí níbẹ̀? Ìwọ̀n kì í ṣojúsàájú.