Baconsthorpe: Ilé Olódi tí Gbèsè Wó

Ní agbègbè Norfolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwókù ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Baconsthorpe Castle. Kì í ṣe ààfin ọba, kì í sì í ṣe ibùdó ọmọ ogun. Ilé olówó ni, tí a mọ odi yí ká, tí a sì gbẹ́ yàrà olómi sí ìdí odi náà.

Agbẹjọ́rò kan, John Heydon, ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Baxter ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ orúkọ di Heydon. Òfin àti ìṣèlú ni ó fi là, ọ̀tá rẹ̀ kò sì níye. Ní ọdún 1448, ìjòyè kan, Lord Moleyns, gba ilé Gresham, tí kò jìnnà síbẹ̀, mọ́ ìdílé Paston lọ́wọ́. Heydon ni àwọn Paston sọ pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní fẹ́ sùn sínú ilé tí kò ní odi.

Henry ọmọ rẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1504, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ ilé náà. Lẹ́yìn rẹ̀, òwò irun àgùntàn ni ó sọ ìdílé náà di ọlọ́rọ̀ ńlá, débi pé wọ́n sọ apá kan nínú ilé olódi náà di ibi tí a ti ń ran òwú irun àgùntàn, tí a sì ń hun aṣọ. Nígbà tí Christopher Heydon gba ìwé àṣẹ odi mímọ lọ́dọ̀ ìjọba Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ní ọdún 1561, odi ọ̀hún ti wà tipẹ́. Ní nǹkan bí àkókò náà ni wọ́n kọ́ ilé ẹnubodè ìta, èyí tí ó jẹ́ ti afẹ́ ju ti ogun lọ.

Ibẹ̀ ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. William ọmọ Christopher jẹ gbèsè, ó sì ń ta ilẹ̀. Ọmọ tirẹ̀, Christopher kejì, dara pọ̀ mọ́ ọ̀tẹ̀ Earl of Essex ní ọdún 1601. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó tẹ ìwé jáde láti gbèjà ìmọ̀ ìràwọ̀ wíwò. John ọmọ rẹ̀ gbè sẹ́yìn Ọba Charles Kìíní nínú ogun abẹ́lé, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1650, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé náà, wọ́n ń ta òkúta rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Felbrigg Hall.

Ilé ẹnubodè ìta nìkan ni èèyàn ṣì ń gbé títí di ọdún 1920, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ wó lulẹ̀. Lónìí, àjọ English Heritage ni ó ń tọ́jú àwókù náà.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n àwọn Heydon kọ́ ọmọ. Christopher kejì kàwé dé Cambridge. Gbèsè kò béèrè ìwé, kò sì kọ́kọ́ la yàrà kọjá kí ó tó wọlé. Kò sí àgbá ogun tí ó wó Baconsthorpe. Àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ ni wọ́n tà á ní òkúta kọ̀ọ̀kan.