Láti Orí Oshin Dé Kóòtù Aṣípa: Eré Tẹlifíṣọ̀n Àwọn Ará Òṣogbo àti Ohun Tó Kù Nínú Wọn

Mo ti ṣèlérí pé n ó parí ọ̀rọ̀ lórí àrànmọ́ fáwẹ̀lì kí n tó gbé òmíràn kalẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè ni à ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ń ṣàlàyé bí ará Iléṣà ṣe ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, nígbà tí ọmọbìnrin kan, tí òun gan-an jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí mi ò kì í gbọ́ ulé nínú eré tẹlifíṣọ̀n wa? Ní Japan, wọ́n máa ń sọ èdè abúlé nínú eré, gbogbo ìlú á sì jókòó wò ó." Mo béèrè ibi tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń wo eré àwọn ará Japan lórí fóònù òun. Kì í ṣe eré àwòrán yíyà tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́ o. Èyí tí ènìyàn gidi ń ṣe ni, tí ọkọ àti ìyàwó ti ń jà, tí ìyá ọkọ ti ń fojú pọ́n aya ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú fíláàṣì kan wá fún mi, ó ní kí n fi dá ara mi lára yá.

Oshin ni orúkọ eré tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Sugako Hashida ló kọ ọ́. NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogboògbò ti Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1983. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ìpín kọ̀ọ̀kan, ní àárọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, títí ìpín 297 fi pé ní òpin oṣù kẹta ọdún 1984. Ọmọ àgbẹ̀ tálákà ni Oshin ní agbègbè Yamagata. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í sílẹ̀ láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nítorí àpò ìrẹsì kan. Èmi tí mo ti gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà lẹ́nu àwọn àgbà, n kò nílò ògbufọ̀ níbi yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ilé, ó lé ní 62 tó ń wo Oshin lẹ́ẹ̀kan náà, eré náà sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ ló mú mi jù lọ. Èdè Yamagata ni ọmọ náà ń sọ, kì í ṣe èdè Tokyo. NHK a sì máa gba olùkọ́ ẹ̀ka-èdè fún àwọn òṣèré irú eré bẹ́ẹ̀, kí ohùn wọn má baà ṣì.

Nígbà tí mo dá fíláàṣì padà, mo dúpẹ́, mo wá fi ìgbéraga díẹ̀ kún un. Mo ní àwa náà ní tiwa rí, ní Òṣogbo níhìn-ín, mo sì dárúkọ Kóòtù Aṣípa. Inú rẹ̀ dùn. Ó yọ fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Níbo ni mo ti lè rí i wò, sà?"

N kò rí èsì gidi kan fọ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí ni ìdáhùn mi.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Wọ́n máa ń sọ pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Morocco àti Algeria ti ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ wà, ilé wà. Ta ni yóò wá máa fi èdè Yorùbá kún wákàtí tó ṣófo? Àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri ni. Bí a bá sì ń wá ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù, ojú ọ̀nà Òṣogbo ni a óò gbà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Òṣogbo? Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà ní ọdún 1907, láti ìgbà náà sì ni oríṣiríṣi ènìyàn ti ń wọ́ wá síbẹ̀ ṣòwò. Ará Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, ará Ìbọ̀lọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ti òkè Ọya wá náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré tó bá fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, ó lè wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà kí ilẹ̀ tó ṣú, kó gba Ìkìrun lọ sí òkè lọ́jọ́ kejì. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wá fi ìlú náà ṣe ilé. Òun ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, láti inú ìwé Amos Tutuọla, ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ikú mú un lọ ní 1973. Dúró Ládípọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Òṣogbo gan-an, ọmọ katikíìsì. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i nígbà tó gbé ìlù Yorùbá wọ orin Àjíǹde. Ní 1962, wọ́n ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Ní 1964, ó kó Ọba Kò So lọ sí Berlin. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí kan náà ní eré tó ń lọ ní ìpín ìpín lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, Bodè Wásinmi, kó tó kú ní 1978.

Ní Iléṣà, ó tún yàtọ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí wọ́n bí ní 1936, olórin ni kó tó di aláwàdà. King Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ rí. Nígbà tó gbé eré Aláwàdà wọ tẹlifíṣọ̀n, táì labalábá tó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ, awò ojú ràgàjì, àti aago tó so kọ́rùn ti tó láti pa ọmọdé lẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Bàbá Sàlá ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Iléṣà náà ló padà kú sí, ní oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Oyin Adéjọbí ni n ó dúró tì díẹ̀, nítorí òun ló ni Kóòtù Aṣípa. Wọ́n bí i ní 1926. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa láti kékeré. Orogún Adédigba, eré rẹ̀ tó lókìkí jù, ìtàn ayé òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣe é. Kóòtù Aṣípa jẹ́ eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA Ìbàdàn. Ẹjọ́ ilé àti ti àdúgbò ni wọ́n ń dá níbẹ̀, irú èyí tí kò ní dé ọ̀dọ̀ adájọ́ aláwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun láéláé. Ẹgbẹ́ Adéjọbí kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣeré. Wọ́n á jíròrò ìtàn, wọ́n á pín ipò, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì ti inú ara rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yọ. Òwe tí ẹ gbọ́ lónìí lè má jẹ́ èyí tí ẹ ó gbọ́ lọ́la. Fún irú èmi yìí, tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti fetí sí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, ìṣúra ni. Kò sí olùkọ́ ẹ̀ka-èdè kankan lẹ́yìn wọn. Ohun tí ìyá kálukú fi sí i lẹ́nu ló ń jáde.

Mo ní láti dá ọmọbìnrin wa lóhùn lórí ulé. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kò lè sọ ohun tí ará Abẹ́òkúta kò ní gbọ́, nítorí náà Yorùbá tó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ni wọ́n mú. Ẹ̀ka-èdè wá di ohun àwàdà: bí ará Ìjẹ̀ṣà bá wọlé, òṣómàáló tó wá sin gbèsè aṣọ ni, àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó lé òṣóòró. N kò fẹ́ràn ìyẹn. Síbẹ̀, bí ara òṣèré bá ti gbóná, ohùn ilé a máa yọ́ jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣọ́.

Níbo ni wọ́n wá wà? Téèpù tẹlifíṣọ̀n wọ́n lówó láyé ìgbà náà. Bí wọ́n bá ti gbé eré jáde tán, wọ́n á gba òmíràn lé e lórí. Ẹ má rò pé ìwà Nàìjíríà nìkan ni èyí. Àwọn ará Japan tí à ń yìn yìí ṣe é pẹ̀lú. NHK bẹ̀rẹ̀ eré ìtàn ńlá ọlọ́dọọdún rẹ̀ ní 1963 pẹ̀lú Hana no Shogai. Ìpín àkọ́kọ́ nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣí ilé ìkópamọ́ kan sí Kawaguchi ní 2003, wọ́n sì ń bẹ ará ìlú pé ẹni tó bá ti gba eré àtijọ́ sílẹ̀ nílé, kó jọ̀ọ́ mú un wá. Àwọn ènìyàn sì mú un wá, láti inú àpótí àti abẹ́ ibùsùn.

Abẹ́ ibùsùn wa kò mọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àbúrò bàbá mi kan ní Òṣogbo ní fídíò nígbà tí fídíò ṣì jẹ́ nǹkan iyì. Ó gba Kóòtù Aṣípa sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan sórí kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú bírò pupa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, Nàìjíríà fẹ́ kojú Bulgaria ní ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, ọ̀gànjọ́ òru ni níhìn-ín. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fa kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ yọ, mo tì í sínú ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Àmì ayò mẹ́ta sí òdo. Rashidi Yekini wọ inú àwọ̀n, ó di í mú, ó ń ké. Mo sùn lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ sì ń gbà á lọ láìdúró, títí iná fi lọ. Ilẹ̀ mọ́ ni mo rí bírò pupa náà. Àbúrò bàbá mi kò nà mí. Ó kàn ní, "O kú iṣẹ́." Ó ti ṣaláìsí báyìí.

Nítorí náà, ohun tí mo lè tọ́ka sí fún ọmọbìnrin wa àti fún yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Ẹ wá Ọ̀run Móoru, sinimá tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982 pẹ̀lú olùdarí Ọlá Balógun. Àwọn ajẹ̀dà-olè ta á kiri débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹdun arinlẹ̀. Ó dùn mí pé ẹ̀dà tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú ni a sábà máa ń rí. Ẹ wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání darí ní 1993. Ẹni tó ni ìtàn náà, Kàrímù Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ọmọ ẹgbẹ́ Adéjọbí ni tẹ́lẹ̀. Adéjọbí fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn láàfin, ẹ ti ń wo Òṣogbo.

Lẹ́yìn èyí, ìwé. Ní Ìbàdàn, Robert Armstrong, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, àti Robert Awujọọla pẹ̀lú Val Ọláyẹmí jókòó ti téèpù Ọba Kò So, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà jáde ní 1972. Karin Barber, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìnrìn àjò, ó bá wọn gun orí ìtàgé. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ eré wọn mẹ́ta jáde ní 1994, bí ó ṣe jáde lẹ́nu. Ìwé ńlá tó kọ lórí ẹgbẹ́ náà jáde ní 2000, ọdún tí Adéjọbí kú. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, ìwé eré mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rà tí owó rẹ̀ bá ká a.

Iná tó lọ lóru ọjọ́ náà, tí a máa ń fi gbogbo ẹnu bú, ṣe wá lóore. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kù ní ìdí kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gbé fídíò sórí kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, mo sì kó ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà fún ọmọbìnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ó gbà wọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ariwo ti pọ̀, tí ohùn obìnrin kan ti ẹ̀yìn wá. Èmi gbọ́ ilé. Ọmọbìnrin náà ní ulé ni. A fi gbọ́ràngbọ́ràn etí gbọ́ ọ tó ìgbà ogún, téèpù ti jẹ níbẹ̀. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀, ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà bọ àpò ọ̀rá kó tó dá a padà fún mi.